Akísà Nínú Ihò Irin

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Àléébù kan ló ní: kì í tún nǹkan ṣe dé ìdí. Ohun tó bá ṣeé fojú pa rẹ́, á ní ó ti tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́-ó-wà-bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ kó kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń sáré ìje lọ sórí òkè, kó sì tún kó wọn bọ̀. Irin tó ń gbé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ìdí irin náà wọ inú ihò onígun mẹ́rin kan lábẹ́ ọkọ̀, bóòtù kan ṣoṣo, ìṣó ńlá tí à ń fi nọ́ọ̀tì yí pa, ló sì dè é. Àmọ́ ihò náà fẹ̀ ju ìdí irin lọ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, irin á máa ró gbàgàgbàgà bí ẹni tó ń fi ìkòkò jà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó ń sáré náà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ló dàgbà sí, ọmọ náà kò sì ní ẹlòmíràn láyé.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ mi irin náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, irin yìí mọ ijó jó jù ẹ́ lọ! Gbé e wá. N ó fi irin pẹlẹbẹ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, n ó sì fi bóòtù kejì fún un pa."

"Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, Bàbá?"

"Àárọ̀ kan péré."

"Háà, odidi àárọ̀! Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ariwo lásán ni."

"Kì í ṣe lásán. Irin náà ló ń jẹ bóòtù yẹn díẹ̀díẹ̀."

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ó ya ẹ̀wù àtijọ́ kan, ó rẹ ẹ́ sínú gírísì, ó sì kì í bọ inú ihò náà yíká. Ariwo dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún un ṣe nìyẹn?" ni àbúrò rẹ̀ bi í.

"Ṣé etí ẹ tún ń gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá o."

"Ìbéèrè parí. Àwọn wẹ́dà yìí, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá kiri."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Oṣù mẹ́fà ni irin náà fi ń jẹ bóòtù lábẹ́ akísà. Nígbà tó ń pariwo, èèyàn a máa bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta wà lórí irin. Àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ gun tòun wálé.

"Ẹsẹ̀ mi ò tíì rẹ̀ mí. Ẹ máa lọ níwájú."

"Sún mọ́ ọkọ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kí ọkọ̀ lè máa bá ẹ dènà afẹ́fẹ́."

Ó sún mọ́ ọn. Ní kọ́nà kejì, ọkùnrin náà gbọ́ "gbì!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo dígí. Kò rí irin, kò rí kẹ̀kẹ́, kò sì rí àbúrò rẹ̀. Bóòtù ti já, irin àti kẹ̀kẹ́ mẹ́ta sì ti wó lu ọmọ náà.

Ọmọ náà kò kú. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló dá, dókítà sì ní ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní gbé e mọ́ títí ayé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Jẹ́-ó-wà-bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé àbúrò rẹ̀ láti orí ibùsùn sórí àga, nírọ̀lẹ́ á tún gbé e padà. Àwọn àlejò a máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, òun náà á sì máa dá wọn lóhùn. Bí ẹ̀gbọ́n bá wọlé, ọmọ náà á kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ohun tó ń pariwo létí wa kì í ṣe ọ̀tá wa. Ó ń bẹ̀ wá pé ká wo ìdí òun ni. Ẹni tó bá pa ariwo náà lẹ́nu mọ́ kò tí ì pa ewu tó wà nídìí rẹ̀, ó kàn daṣọ bò ó ni. Ẹ jẹ́ ká tún nǹkan ṣe dé ìdí nígbà tí àárọ̀ kan ṣì lè tó o, nítorí ẹni tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan lè má jẹ́ ẹni tí yóò fara gbọgbẹ́.