Igbá Omi Ìdáríjì

Nínú ìjọ tí Martha wà ní Kabba, ní nǹkan bí ọdún 1956, ẹni tó bá ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀ kì í dé ibi tábìlì Olúwa láìkọ́kọ́ lọ bá a nílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni wọ́n máa ń lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á bu omi sínú igbá, àwọn méjèèjì á sì mu nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá mu ún, ọkàn kò tíì mọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la, Ernest tún dé. Àbúrò Ọládipọ̀, ọkọ Martha tó ti kú, ni. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó pe Martha, torí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọn kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti fẹ́ gbọ́ ìró ọwọ́ lára pákó. Igi tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn náà, ó ti fi dáná.

"Okun o, Ìyá Olúṣínà," ó kí Martha.

"Okun o, ọkọ mi. Ẹ wọlé."

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá Cecilia, aládùúgbò tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọkọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé! Ernest, àyà rẹ á bó kí obìnrin yìí tó bu omi. Lucy á sì ti hewú."

Lucy ni Ernest fẹ́ fi ṣaya. Ìjọ kò ní so wọ́n pọ̀ àfi tó bá padà sí tábìlì Olúwa, bàbá Lucy sì ti ní òun kò ní dúró kọjá Àjíǹde yìí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ejò ṣèbé bu Ọládipọ̀ ṣán lójú ọ̀nà oko. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Láàárọ̀, wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n dábùú, awọ oríkèé ìka rẹ̀ ti bó. Dírẹ́sà ilé ìwòsàn tó wá wò ó sọ pé oró ṣèbé a máa di ahọ́n. Kò lè ké pe ẹnikẹ́ni. Ernest ló sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló sì máa ń dábùú ilẹ̀kùn.

"Mi ò rántí pé mo dábùú rẹ̀ lọ́jọ́ náà," Ernest wí, bó ṣe máa ń wí lọ́dọọdún. "Ẹmu ni mo mu sùn. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá tún ṣe é? Ẹ dárí jì mí."

Lọ́dọọdún, Martha á ní ọkàn òun kò tíì gbà á. Kátíkísì, olùkọ́ni ìjọ, ti bá a wí títí. Àwọn obìnrin ìjọ ń pè é ní olókùúta àyà. Òun náà kò dé ibi tábìlì Olúwa mọ́.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan rárá?" Ìbéèrè tí Martha máa ń bi í náà nìyẹn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohùn ńkọ́? Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Bí mo bá gbọ́ ni, Ìyá Olúṣínà, ṣé mi ò ní dìde?"

Martha wo ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí àmù, ó bu omi wá. Ernest mu, ó ń sunkún. Martha gba igbá, ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbé e sílẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò dín. Ernest kò wo inú igbá.

"Ẹ dìde," Martha wí. "Ẹ lọ sọ fún Lucy."

Lọ́jọ́ kejì, Ernest wọ aṣọ funfun, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Nígbà tó kan bẹ́ǹṣì àwọn Martha, Màmá Cecilia fọwọ́ gbún un.

"Dìde. O ti dárí jì í, kí ló tún kù?"

"Ẹni tó yẹ kó bu omi fún mi kò sí nílé mọ́, Màmá."

Màmá Cecilia rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ pa á léjìká, ó lọ síwájú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Ọládipọ̀ kú, torí ìjà tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jà láàárọ̀, Martha ló dìde dábùú ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí Ernest ti sùn, ó sì jókòó lórí ẹní, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kànkùn, ó ń dúró kó kọ́kọ́ pe orúkọ òun.