Kẹ́ẹ̀gì Omi Bátìrì Tó Dí Kànga Màmá Ọ̀ṣunbíyìí

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn: Ọláníran, ọ̀gá láàbù kan nítòsí Aláàkíà, Kaothar, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti Màmá Ọ̀ṣunbíyìí, opó tó gbẹ́ kànga fún abúlé rẹ̀ lágbègbè Ẹgbẹ́dá. Ọláníran ló jẹ̀bi.

1. Inú rírun ń da àwọn ọmọ abúlé náà láàmú. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́sàn-án, ó ní kí láàbù wò ó bóyá òjé, irin tó máa ń ṣe ara bíi májèlé, wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi omi po ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ̀rọ á fẹ́ ẹ sínú iná, á sì tan ìmọ́lẹ̀ la iná náà kọjá. Bí òjé bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe máa dín kù tó. Omi tí wọ́n fi ń pò ó gbọ́dọ̀ mọ́ pátápátá.

Irú omi bẹ́ẹ̀ ti tán. Ọláníran kò fẹ́ rìn dé yunifásítì láti lọ bu òmíràn. Ó ra omi bátìrì, tí wọ́n máa ń sọ pé ó mọ́, kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ lẹ́nu géètì wọn.

2. Iye òjé tí ẹ̀rọ rí lára àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

“Ọ̀gá, ṣé òjé ọmọ ọdún méjì àti ti ọmọ ọdún mọ́kànlá lè dọ́gba? Ẹ jẹ́ ká wọn omi yẹn nìkan ná. Òun ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wọ̀n.”

“Kaothar, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ yìí, ìlédìí ṣì wà nídìí rẹ! Lọ wọn iyọ̀ ọbẹ̀ nílé ọkọ rẹ.”

Ó buwọ́ lu èsì. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í: “Ó dájú pé omi kànga ni.”

3. Kànga kan ṣoṣo ló wà ní abúlé náà. Lọ́jọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì ka èsì náà fún àwọn òbí, Sàníù, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kó èrò dé ẹnu ọ̀nà Màmá.

“Kí lẹ dà sínú kànga?”

“Sàníù, èmi náà ń mu ún! Ọwọ́ mi yìí ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí ìyá rẹ bí ọ.”

“Ìwé láàbù ló wá ń parọ́, ẹ̀yin lẹ ń sọ òótọ́? Ẹ kẹ́rù yín!”

Wọ́n fi òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí kànga náà, wọ́n sì ṣí páànù orí ilé rẹ̀. Màmá gba Olódò lọ sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú àpò kan.

4. Kaothar fi ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí láàbù mìíràn. Kò sí òjé tó lè pa ọmọ kankan lára níbẹ̀. Ó wọn omi inú kẹ́ẹ̀gì: ibẹ̀ ni gbogbo òjé náà wà, nítorí òjé ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ wò, aràn ló ń run wọ́n nínú.

Sàníù ka èsì tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti àwọn ará abúlé kóra wọn lọ bẹ Màmá ní Olódò.

“Kànga mi dà?” Ìyẹn nìkan ló bi wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn nǹkan fún ọmọ ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín fi kún un. Ẹ̀yin tí wọ́n fún ní ìwé èsì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe rí i kí ẹ tó gbé òkúta.

Ọláníran pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Màmá kò padà wá. Omi odò ni abúlé náà ń pọn báyìí. Oṣù mẹ́jọ ni Màmá fi gbẹ́ kànga náà. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi dí i.