Ọwọ́ Òsì Bàbá Onílé

"Ọmọ dráàfù mi kan dà?"

Abọ́dúndé télọ̀ ń wá a kiri ilẹ̀. Bàbá onílé tí Abọ́dúndé fẹ́rẹ̀ẹ́ nà nínú ayò dráàfù ti nà gbalaja sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò Àgùdà sì ti bò ó.

"Ẹ yàgò, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn!" ni obìnrin tó bá áńbúláǹsì dé pariwo.

Bàbá ń mí dáadáa, ọkàn rẹ̀ sì ń lù déédéé. Àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ dì pinpin, kò ṣeé là. Obìnrin náà ronú. Àbí rọpárọsẹ̀ ló dé yìí?

Ló bá rí i tí bàbá la ojú kan fẹ́rẹ́, tó tún yára pa á dé.

"Ẹ gbé abẹ́rẹ́ ńlá yẹn wá," obìnrin náà ní. "Ìdí la máa gún."

"Rárá o! Ara mi ti yá!" Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ọmọ dráàfù kan já bọ́ sẹ́sẹ̀ Abọ́dúndé.