Ẹni Mélòó Ni Ilẹ̀kùn Tì Mọ́?

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà tì mọ́ Fálọlá, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan. Ó fi káàdì rẹ̀ kan ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Tẹlifóònù ara ògiri nìkan ló kù, ọ́fíìsì tirẹ̀ nìkan ló sì ń dún sí, ọ́fíìsì tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì pa nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ tán. Ó pè é ṣáá.

Obìnrin kan gbé e.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹni mélòó ni ìṣòro yìí kàn?”

Ìbéèrè tí Fálọlá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n ni.

“Ṣé orí ẹ pé? Èmi nìkan ni! Ìwọ ta nìyẹn?”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi bi ẹni tó dúró lẹ́yìn yín bóyá òun náà fẹ́ jáde.”