Oògùn Ẹ́ńjìnnì Bàbá Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sin Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lọ sílé ọkọ gan-an ni ìgbẹ́ gbuuru mú bàbá rẹ̀. Ògúnlànà ni bàbá náà ń jẹ́, apẹja ni ní Molutehin, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì máa fi gbé ìyàwó lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí gbangba omi lọ́nà ibẹ̀, kò sí igbó, kò sí ilé, kò sí ibi tí àgbàlagbà lè sá sí. Àwọn àna á wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n á sì máa wo ojú rẹ̀.

Ọbẹ̀ akàn ló fà á. Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti sọ pé ọbẹ̀ náà ti ń kan. Ògúnlànà ní ikùn òun kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́. Godwin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a wa ọkọ̀, tó sì ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ní tòun tilẹ̀ le ju irin lọ. Àwọn méjèèjì jẹ ọbẹ̀ náà tán, wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ògúnlànà yọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Ìtẹ́olúwakìṣí ni nọ́ọ̀sì náà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó kọ́kọ́ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó ní ìyẹn ni kó má fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí kan lé e lọ́wọ́, ìgò rọ́bà kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ó ní kòkòrò ló wà níbẹ̀, àmọ́ kòkòrò rere ni wọ́n, wọ́n ń sùn nínú èèpo líle. Omi kíkan inú ikùn kò rí wọn pa. Ìgbà tí wọ́n bá dé ìfun ni wọ́n máa ń jí, tí wọ́n á máa bá àwọn kòkòrò burúkú du àyè. Kó gbọn ìgò kan, kó mu ún láàárọ̀, kó tún mu òmíràn lálẹ́. Ògúnlànà béèrè bóyá wọn ò ní bímọ sí òun nínú. Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá bímọ, kó dúpẹ́.

Ó kó páálí náà sínú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀, nítorí Moríkẹ́ kì í débẹ̀. Ó gbàgbé pé Godwin ń débẹ̀. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo èbúté pé òun ò lo oògùn rí láyé, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ikùn òun bá jáde, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn àna kí ìyàwó tó dé ọ̀hún. Nígbà tí Godwin ká a mọ́ ìdí àpótí, ohun tó wá sí i lẹ́nu ló sọ.

"Oògùn ẹ́ńjìnnì ni."

"Kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì?"

"Ohunkóhun tó bá ti wọ inú ẹ̀, kíá ló ń tú u jáde. Omi lásán."

Godwin tẹjú mọ́ páálí náà. Láti kékeré ló ti ń tú ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ kò bi í pé irú oògùn wo nìyẹn. Ó béèrè bóyá inú ẹ́ńjìnnì náà máa ń kùn kó tó tú u jáde. Ó béèrè bóyá kí epo tó wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní oògùn ni, àbí lẹ́yìn náà. Ògúnlànà dá a lóhùn bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, inú rẹ̀ sì dùn pé irọ́ náà wọlé.

Ikùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń mu oògùn náà, bẹ́ẹ̀ ni páálí ń fúyẹ́ ju bó ṣe ń mu ún lọ. Godwin sì di ẹni àwátì, ó ní àwọ̀n òun kan sọnù sí igbó ẹ̀gbá létí omi, ó ń wá a lọ, ó ń wá a bọ̀. Kí ọjọ́ ìyàwó tó pé, páálí ti ṣófo, ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ yé Ògúnlànà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́ níṣẹ́ ti ń da kòkòrò sínú ẹ́ńjìnnì. Kò lè bi í, torí ẹni tó bá béèrè ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́ ìyàwó pé. Rèbékà ìyá ọkọ jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn àgbà ìdílé rẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wà láàárín nínú aṣọ tuntun. Godwin fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì sì dún. Nígbà tí wọ́n dé gbangba omi, ó wúkọ́ díẹ̀. Ògúnlànà bojú wẹ̀yìn, ó rí Godwin tó ń làágùn, tó fún ẹnu pọ̀, tó ń wa ọkọ̀ náà sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ojú ẹni tó ń wa ẹ́ńjìnnì tó ń kú lọ ṣe ń rí nìyẹn. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á gan-an.

"Godwin, dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." Ó kọjú sí àwọn àna. "Ẹ má bínú sí mi. Mo parọ́. Oògùn tí mo pè ní ti ẹ́ńjìnnì, tèmi ni. Èmi ni ìgbẹ́ gbuuru mú. Godwin ò mọ̀, ó ti da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì yìí. Mi ò lè torí ìtìjú sọ ọmọ mi sómi. Ẹ jẹ́ ká padà."

Rèbékà fi etí ìborùn bo ẹnu. Àgbà kan yíjú sí omi, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí omi rí. Èjìká Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ẹkún. Ojú ti Ògúnlànà dénú egungun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò tọ́ ẹ̀kán kan wò nínú oògùn yẹn," ni Godwin wí jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ẹ́ńjìnnì, èkejì lórí ikùn, "mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tètè gúnlẹ̀."