Ìbọn Tí Kò Dún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sórí ìkànnì yìí pé ìbọn àtijọ́ ò láfiwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ìbọn ìléwọ́ mi, ọlọ́ta kékeré, ti di ọ̀tun. Mo pààrọ̀ ọ̀pá ẹnu rẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ èèkù onígi tó bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu. Mo gbé awò oníná pupa tó ń fi ibi tí ọta máa bà hàn lé e lórí.

Ìdíje ti yá ní ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ní Pẹnsilfánià. Bébà tí kálukú máa yìnbọn sí so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

Lorna dúró lọ́tùn-ún mi. Ìbọn bàbá ẹ̀ ló mú dání, téèpù ni wọ́n fi wé èèkù ẹ̀.

"Lorna, ṣé ìbọn nìyẹn àbí pàǹtí?"

"Delbert, ẹnu ẹ ò ní ìjánu. Yin tìẹ."

Wọ́n ní ká yìn. Ìbọn Lorna há, kò tiẹ̀ dún rárá. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń wò mí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo yin ọta mẹ́wàá, jẹ́jẹ́. Mo fi awò ńlá tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni wò ó: gbogbo ihò ṣù pọ̀ sáàárín, ẹyọ owó onírin kan á bò wọ́n.

"Lorna, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Ó dáa o. Ó dáa gan-an ni."

Wọ́n ní ká lọ já bébà wa. Èmi ni mo ṣáájú.

Bébà mi mọ́ tónítóní. Kò ní ihò kankan.

Lorna já tiẹ̀, ó gbé e sókè. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yọ.

"O ṣé, Delbert. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bàbá mi ń dún, kò ṣe dáadáa tó báyìí rí."