Òjò Tó Ṣú sí Ajue

"Mọ́mì, níbo ni òjò máa ń wà tí kò bá rọ̀?"

Bámiṣe ló béèrè bẹ́ẹ̀, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ọláníran, bàbá rẹ̀, gbójú sókè wo ọ̀run, ó tún gbójú wálẹ̀. Ọládùnní, ìyá rẹ̀, ń kó iná jọ nídìí ààrò.

"Bóyá ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Okitipupa," ni Ìyá Àgbà wí. Òun ló bí Ọláníran.

"Ìgbà wo ló máa padà dé?"

Ìyá Àgbà pòṣé.

Àkọ́rọ̀ òjò tó yẹ kó ti rọ̀ ní Ajue kò yọjú. Àwọn ọmọ kòkó tí Ọláníran ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ sóko ti ń rọ, ewé wọn ká jọ bí ewé tábà. Kànga àdúgbò gbẹ dé ìdí. Láti Ore ni wọ́n ti ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá, wọ́n sì ń pín in bí ẹni ń pín ẹran.

Ọ̀rọ̀ Bámiṣe ló ń ká ìyá rẹ̀ lára jù. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tó máa ń mú kí egungun dùn ún, ni wọ́n bí mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó máa mu omi dáadáa, kí òtútù má sì mú un. Ọládùnní di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di ẹyin mú. Nínú ooru yẹn náà, ìbọ̀sẹ̀ ń bẹ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Omi tó bá jẹ́ ìpín tirẹ̀, inú ife ọmọ ló ń dà á sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọláníran tan fáànù kékeré tó ń lo bátìrì, èyí tó rà lọ́wọ́ Límátù, aládùúgbò wọn tó ń tajà ní Ore. Ọládùnní dìde, ó yí ojú fáànù náà sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ ni kó fẹ́ sí," ni Ọláníran wí.

"Màmá ló dàgbà jù. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ sí wọn."

"Ìyàwó gidi rèé!" Ìyá Àgbà tú ìró rẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. "Ooru ti fẹ́ yan mí bí àgbàdo. Ìwọ náà ńkọ́, Ìyá Ọláyídé..." Ó gé ọ̀rọ̀ náà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún un pè. "Ìyá Bámiṣe, ètè rẹ ti là. Lọ mu omi."

"Mo ti mu ọsàn, mà."

"Ṣé ọsàn ni omi?"

"Ó tó mi, mà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ún."

Ọláníran wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí kí omi lè tó. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Límátù fúnra rẹ̀ yà wọlé, ó ń fi gèlè nu ọrùn. "Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní Lawrence tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló dá òjò dúró, nítorí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò tíì gbẹ."

"Búlọ́ọ̀kù wo ni kì í gbẹ látọdún tó kọjá?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé ẹ̀kọ ló fi pò ó ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọládùnní kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi Lawrence sílẹ̀," ló wí. "Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Fóònù mi ní yóò rọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí," ni Ọláníran wí.

"Fóònù tó sọ bẹ́ẹ̀ lánàá ńkọ́?"

"Màmá, tí kò bá rọ̀ lónìí, àwọn ọmọ kòkó yẹn ti lọ nìyẹn. Inú oko yẹn ni owó oògùn Bámiṣe wà."

Ọládùnní tẹ orí ba, ó ń tún ìbọ̀sẹ̀ ọmọ fà sókè.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, òjò ṣú láti apá Odigbo. Ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì gbé eruku, àwọn ọmọ àdúgbò ń kígbe ayọ̀ kiri. Ìyá Àgbà to agbada àti kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ òrùlé. Ọládùnní sáré lọ sídìí ààrò, ó ń ki igi bọ iná.

"Fi í sílẹ̀, jẹ́ kí òjò pa á!" Ọláníran ń rẹ́rìn-ín.

"Omi ìwẹ̀ ọmọ ni mo fẹ́ gbé kaná."

Ó dúró ti iná náà nínú èéfín, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

"Máa gbàdúrà, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà ké sí i. "Ọlọ́run á gbọ́."

Ẹ̀kán omi díẹ̀ ró lórí páànù. Lẹ́yìn náà ìjì náà rọlẹ̀, ìkùukùu fọ́, òjò náà sì yà gba ọ̀nà Ago Alaye lọ.

Ọláníran jókòó sórí eruku, ó fọwọ́ bojú. Ọládùnní kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá Bámiṣe, ẹ má bínú."

"Ta ló bá ọ wí? Kí lẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ níbẹ̀?"

Ọládùnní bú sẹ́kún. Ẹkún rẹ̀ kò lómi.

Wọ́n wọlé. Bámiṣe kọ́kọ́ sùn, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, egungun kankan kò dùn ún. Ìyá Àgbà sùn níwájú fáànù. Ọláníran yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, títí oorun fi gbé òun náà lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn sùn tán, Ọládùnní tún fi igi kún iná tí kò gbọdọ̀ kú, ó sì fi ètè tí omi jẹ́ èèwọ̀ fún ka ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń dá òjò dúró nígbà ayé rẹ̀, nítorí pé àkọ́rọ̀ èṣí ló rin Ọláyídé, àkọ́bí rẹ̀, gbingbin lọ́nà ilé ìwé, tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun náà, tí ilẹ̀ ò sì mọ́ bá a.